Nínú Ilé Àyágbé Kan ní Ẹlẹ́yẹlé

Iyọ̀, omi àti Bíbélì ló kọ́kọ́ wọlé. Ọkọ̀ akẹ́rù ṣì ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́nu géètì, àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ já ẹrù ṣì ń ná owó, Àǹtí Tíṣà, ẹni tó gba ilé náà, ti gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ó gbé àwo iyọ̀ sójú fèrèsé, ó wọ́n omi sẹ́nu ọ̀nà, ó gbàdúrà ṣókí, ó tó wá ní kí wọ́n máa kó ẹrù bọ̀.

Yàrá kan, pálọ̀, kíṣìnnì àti balùwẹ̀ ni, nínú ọgbà tí ìdílé mẹ́rin ń gbé ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn. Owó ọdún kan ló san. Ejẹ́ńtì gba tirẹ̀, lọ́yà tó kọ ìwé àdéhùn gba tirẹ̀, owó káṣọ̀n tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́ tún tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti gba ilé rí mọ̀ pé ohun tó máa ń kù lápò lẹ́yìn èyí kì í tó ra àga. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń gbé inú ilé fún ọdún gbọọrọ láìkọ́ kọ́tìnnì gidi, tí a óò máa sọ pé a ti ra ilẹ̀ sí Mọníyà, pé a ò ní pẹ́ kọ́ tiwa. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ilé lè jẹ́ ti onílé, ṣùgbọ́n ọdún tí o sanwó rẹ̀, tìẹ ni.

Pálọ̀ ṣì ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Ọ̀dà náà kò sì bo gbogbo nǹkan: ihò ìṣó mẹ́ta hàn níbi tí ẹni tó kó jáde ń fi kàlẹ́ńdà kọ́ sí, àbàwọ́n omi tó pọ́n bíi tíì sì wà ní igun àjà.

"Bàbá onílé ní àwọn ti pààrọ̀ páànù ibẹ̀," Àǹtí Tíṣà wí.

"Òjò ni yóò sọ," mo fèsì. Ká sòótọ́, ìgbà òjò ló yẹ ká máa wá ilé. Ilé wo ni kì í dáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Bàbá ti kìlọ̀ pé àwọn ò fẹ́ ìṣó lára ògiri mọ́. Irin bọ́gíláárì fèrèsé ló wá di ọ̀nà àbáyọ. Àǹtí Tíṣà mú wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń so irin, ó ká a po ní ìlọ́po mẹ́ta kó lè le, ó fi píláíásì gé e ní ìwọ̀n ìka ọwọ́. Ó tẹ orí rẹ̀ kọ́ irin òkè, ó tẹ ìdí rẹ̀ sókè bí ìwọ̀ ẹja. Mẹ́rin irú ẹ̀ gbé ọ̀pá kọ́tìnnì dúró digbí.

Aṣọ tó gbé kọ́ ni mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀: àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá rẹ̀, ọnà Ìbàdàn Dùn. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ni wọ́n yà sí i, tí síbí sì ń bẹ láàárín òpó sí òpó. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn aládìrẹ fi ń tọ́ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Nítorí pé oòrùn a máa jẹ àwọ̀ ẹlú, ó ti rán aṣọ funfun mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì, ará ilé iwájú, yọjú. "Ẹ kú ilé tuntun o, ilé á gbà yín. Háà, Àǹtí, aṣọ tó yẹ kẹ́ ẹ ró lọ òde lẹ fi bo wíńdò!"

"Àmín o, Mà. Inú àpótí ló wà látọjọ́ yìí, kòkòrò ni ì bá jẹ ẹ́ tán."

Yàrá ò ní ìtàn púpọ̀. Bẹ́ẹ̀dì ò tíì dé, ẹní ló wà nílẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ya. Pákó Bódìjà ni wọ́n fi kan ṣẹ́ẹ̀fù ìwé rẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi dúró, kò gbára lé ògiri. "Ohun tó máa bá mi jáde ni mò ń náwó lé," ó wí. Kódà kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà tó pààrọ̀, torí ta ló mọ iye ẹni tí ti àtijọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ó di ti onílé sínú ọ̀rá kó lè dá a padà síbẹ̀. Kó tó sanwó ilé rárá, ó ti ra iná kékeré, ó tẹ nọ́ńbà 20 tí wọ́n fún un sínú mítà, kó lè mọ̀ bí gbèsè ẹlòmíì bá wà lórí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì náà ló sọ ọjọ́ tí wọ́n ń fa omi bọ́ọ́hólù fún un, àti ẹni tó ń gba owó gáàdì. Àga tìmùtìmù kò lè sọ ìyẹn fúnni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọ ilé, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ihò ìṣó, àbàwọ́n àti gíláàsì tó ti sán kẹ́ ẹ tó gbé ẹrù kankan wọlé, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an. Àǹtí Tíṣà ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde, fọ́tò yẹn ni ẹ ó fi gba owó káṣọ̀n yín.