Fọ́tò Tó Fara Pamọ́ Sórí Síídì

Kí fláàṣì tó gbòde, àwo síídì ni fọ́tògíráfà ń kó àwòrán ìsìnkú àti ìgbéyàwó sí fún oníbàárà ní Orin-Èkìtì, ní Ìdó, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé. Àwo kan ń gba MB 700. Wọ́n á kó àwòrán ìṣílé sí i lọ́dún yìí, wọ́n á tún kó ti ìsìnkú lé e lọ́dún tó ń bọ̀, kí àyè tó ṣẹ́ kù má baà ṣòfò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá ki àwo náà bọ inú kọ̀ǹpútà, ti ìsìnkú nìkan ló máa yọjú. Ẹ ó ní ti ìṣílé ti parẹ́. Kò parẹ́.

Lórí síídì CD-R, iná lésà ló ń jó àmì sínú aró tó wà lára àwo, àmì náà kò sì ṣeé pa rẹ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá tún kó nǹkan sí i, abala tuntun ni wọ́n ń ṣí. Sẹ́ṣọ̀n ni wọ́n ń pe abala bẹ́ẹ̀. Sẹ́ṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé orúkọ tirẹ̀, tó ń sọ ibi tí fáìlì wà, ti ìkẹyìn nìkan sì ni kọ̀ǹpútà máa ń ṣí. Àfi bí ẹgbẹ́ tí akọ̀wé rẹ̀ ra ìwé tuntun tí kò da orúkọ àwọn àgbà kọ sínú rẹ̀: àwọn àgbà wà nílé, a kò kàn ní pè wọ́n ni. Bí ẹni tó kọ sẹ́ṣọ̀n kejì bá rántí gbé ìwé ti àkọ́kọ́ wọlé, gbogbo rẹ̀ á hàn pọ̀. Ọ̀pọ̀ kì í rántí.

Linux ló rọrùn jù fún iṣẹ́ yìí, torí ó ń gbà kí ẹ fúnra yín yan sẹ́ṣọ̀n tí ẹ fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè fi Ubuntu orí fláàṣì tan kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kan Windows rárá. Ẹ kọ́kọ́ tẹ èyí:

xorriso -indev /dev/sr0 -toc

Á to àwọn sẹ́ṣọ̀n àti nọ́ńbà sẹ́kítọ̀ tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ 0. Ẹ wá ṣí i:

sudo mount -t iso9660 -o ro,sbsector=0 /dev/sr0 /mnt

Àwòrán ìṣílé á jáde sínú /mnt. Ẹ dà á kọ kíákíá.

Bí àwo bá ti họ, ẹ má fipá kà á. Ẹ fi ddrescue ṣe ẹ̀dà odidi àwo ná:

ddrescue -n -b 2048 /dev/sr0 awo.iso awo.map

Á kọ́kọ́ kó ibi tó dára, á fo ibi tó le. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, awo.map ló máa rántí ibi tó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi -d -r3 dípò -n kó lè padà sí ibi tó fò. Ẹ má jáyà bó bá ní òun kò rí nǹkan kà láàárín sẹ́ṣọ̀n kìíní àti ìkejì: sẹ́kítọ̀ 11,400 ló wà níbẹ̀, bíi MB 23, tí kò ní fáìlì kankan nínú. Ààlà lásán ni.

Ohun kan wà tó máa ń da ènìyàn láàmú. Bí ẹ bá ṣí awo.iso láìsọ sẹ́kítọ̀, sẹ́ṣọ̀n àkọ́kọ́ ló máa hàn báyìí, ìkẹyìn á fara pamọ́, torí ẹ̀dà náà kò mọ iye sẹ́ṣọ̀n tó wà lórí àwo. Ẹ fún un ní nọ́ńbà ti kejì, á ṣí i. Bí ìwé orúkọ fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ lo PhotoRec. Á wá àwòrán rí, ṣùgbọ́n kò ní mú orúkọ fáìlì bọ̀.

Ojú tí wọ́n kọ orúkọ olóògbé sí ni kí ẹ máa ṣọ́ jù lára síídì. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni aró wà; bí ibẹ̀ bá họ, kò sí Linux tó lè tún un ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ nu ojú kejì, aṣọ tó rọ̀ ni kí ẹ lò, láti àárín lọ sí etí. Láptọ́ọ̀pù tuntun kì í sábà ní ihò síídì mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ń lo USB ṣì wà lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ da ti bàbá yín kọ kí aró tó ṣí.