Ẹrù Tí Ó Wà Lórí Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíráámà

Ẹ̀yin òbí, àwa fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ẹni kan tí a máa ń bú nígbà tí ọmọ wa bá ṣìnà, tí a kì í sì í rántí nígbà tí ọmọ náà bá yege: èyí ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ọdún 1859, Alùfáà T. B. Macaulay, ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà ti C.M.S. ní Èkó. Ọmọ 6 péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní ọmọ 6 lè mọ ìwà olúkúlùkù wọn, kí ó sì mọ ilé bàbá wọn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó sọ ẹ̀kọ́ gíráámà di ọ̀fẹ́ ní ọdún 1979, àwọn ọmọ ya wọlé bí omi. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n yàrá kò tó, àga kò tó, olùkọ́ kò sì tó. Ọ̀gá ni ó ń kọ̀wé sí ìjọba, òun ni ó ń parí ìjà àwọn olùkọ́, òun náà ni ó sì ń dáhùn níwájú alábẹ̀wò.

Síbẹ̀, àìtó àga kọ́ ni ó wúwo jù. Ní ọjọ́ kan, a jókòó lọ́dọ̀ ọ̀gá kan nígbà tí ìdánwò àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá kan wọlé, onígbàgbọ́ bí tiwa. Ó gbé owó sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀nà tí ọmọ òun yóò fi yege. Ọ̀gá náà rọra tì í padà, ó ní, “Bàbá, bí mo bá gba èyí, kí ni n ó tún kọ́ ọmọ yín lọ́la?” Bàbá náà fi ìbínú jáde, ó sì ń sọ kiri pé ọ̀gá náà le koko. Ojú ti àwa pàápàá, nítorí pé a kò la ẹnu wa nígbà tí owó náà wà lórí tábìlì.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ jẹ́ kí a máa yọjú sí ilé-ẹ̀kọ́ kí ìjà tó dé. Kí a máa yẹ ìwé ọmọ wa wò ní alẹ́. Nígbà tí ọ̀gá bá sì wí pé “Rárá” nítorí òtítọ́, kí ọmọ bá “Rárá” kan náà nílé. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́.