Iye Tí Ó Yẹ fún Pípín Ilẹ̀

Nígbà tí àwọn ọmọ bàbá kan bá fẹ́ pín oko, ìjà kì í pẹ́ dé bí ìpín kò bá dọ́gba. Ọgọ́rùn-ún ebè ṣe é pín fún ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ebè kan yóò ṣẹ́kù, ebè kan náà sì tó láti da ilé rú.

Ọ̀ràn yìí wà lọ́kàn Plato, amòye ará Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì, ẹni tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 347 kí a tó bí Olúwa wa. Nínú ìwé rẹ̀ lórí òfin, tí ó kọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, àwọn àgbà mẹ́ta ń gbèrò bí a ó ti tẹ ìlú titun dó. Ìpín ilẹ̀ ìlú náà yóò jẹ́ 5,040, èyíinì ni ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó lé ogójì. Olúkúlùkù baálé yóò sì ní ọ̀kan.

Èé ṣe tí ó fi yan iye yìí? Nítorí pé bí a bá fi 2 pín in, tàbí 3, tàbí 4, títí dé 10, kò sí ohun tí yóò ṣẹ́kù. 11 kọ̀, nítorí 2 yóò ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n 12 gbà, ìdá kọ̀ọ̀kan a sì jẹ́ 420. Ọgọ́ta ni gbogbo iye tí ó lè pín 5,040 láìṣẹ́kù, bí a bá ka 1 àti òun fúnra rẹ̀ mọ́ wọn. Kò sí iye tí ó kéré jù ú lọ tí ó ní tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì mú síléètì rẹ̀:
1 × 2 × 3 × 4 × 5 × 6 × 7 = 5,040
7 × 8 × 9 × 10 = 5,040
Láti 1 dé 10, gbogbo wọn ni ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà kò lè kọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ṣùgbọ́n iye kì í bímọ. Ènìyàn a máa bímọ. Bí baálé kan bá ní ọmọkùnrin mẹ́ta ńkọ́? Plato ní kí ó yan ẹyọ kan ṣoṣo ní àrólé, kí a fi àwọn yòókù fún àwọn tí kò ní ọmọkùnrin. Bí èrò bá sì pọ̀ jù, kí a rán àwọn kan lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni iye tí ó gba ìpín tó báyìí kò ṣe jẹ́ kí ọmọ méjì pín ilẹ̀ baba wọn.

Ìṣirò lè pín ilẹ̀ dọ́gba, kò lè mú un gbòòrò sí i. Kí baba tí ó ní ilẹ̀ ka ebè rẹ̀, kí ó ka ọmọ rẹ̀, kí ó sì sọ ìfẹ́ inú rẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì lè sọ ọ́.