Igbó Lama tàbí igbó Lokoli?

Ọ̀bọ kan wà tí ikùn rẹ̀ pupa. Àwọn ọdẹ ti pa púpọ̀ nínú wọn, kò sì pọ̀ láyé mọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà nílẹ̀ Benin wa, nínú igbó Lama àti igbó Lokoli. Bí ìsinmi bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré, èwo ni ká lọ?

Ẹsẹ̀ la fi ń rìn nínú Lama. Amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà, mọ́tò a sì rì sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ síbẹ̀.

Inú omi ni àwọn igi Lokoli dúró sí. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń wọ ibẹ̀, ẹni tó mọ ọ̀nà ni yóò wà á. Lokoli ni mo fẹ́ràn jù, torí ọkọ̀ náà ń lọ jẹ́jẹ́. Ọ̀bọ kì í dúró de aláriwo! Ẹ tètè jí, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ máa wo orí igi.