Ọ̀kẹ́ kan: ẹni mélòó ló lè pín 20,000 dọ́gba?

Ká ní ẹni mẹ́sàn-án fẹ́ pín 20,000 sẹ́fà dọ́gba. Kálukú á gba 2,222, sẹ́fà méjì á ṣẹ́kù nílẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, 2,500 ni kálukú máa gbà, kò sí àríyànjiyàn. Kí ló dé tí 20,000 fi gba mẹ́jọ, tó kọ mẹ́sàn-án? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

20,000 là ń pè ní ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò owó ẹyọ kan. Lọ́dún 1887, míṣọ́nnárì kan tó ti gbé ní Ìjàyè, Adolphus Mann, ṣàlàyé ìkà náà. Wọ́n á da owó ẹyọ sílẹ̀, wọ́n á máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Ìgbà mẹ́rin, ó di ogún. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́.

Ẹ wo ìṣísẹ̀ náà: 5, 4, 5, 2, 10, 10. Mẹ́rin jẹ́ 2 lọ́nà 2, mẹ́wàá jẹ́ 2 lọ́nà 5. Tí a bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin péré la máa bá nínú ọ̀kẹ́. Kò sí 3 níbẹ̀, kò sí 7. Ìdí nìyẹn tí ẹni mẹ́ta, mẹ́fà, méje tàbí mẹ́sàn-án kò fi lè pín in láì ṣẹ́kù.

Àwọn tó lè pín in

Ọgbọ̀n ni nọ́ńbà tó pín 20,000 dọ́gba, tí a bá ka 1 àti 20,000 fúnra rẹ̀ mọ́ wọn. Àwọn tó wúlò fún ẹgbẹ́ èsúsú ni 2, 4, 5, 8, 10, 16, 20, 25, 32, 40 àti 50. Ẹni 16 á gba 1,250, ẹni 25 á gba 800, ẹni 32 á gba 625.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni mẹ́ta lè pín owó kan, ẹ ro àwọn nọ́ńbà tí a fi kọ ọ́ pọ̀. 20,000 jẹ́ 2 àti òdo mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2, 3 kò lè pín in. Ẹ fi 1,000 kún un, ó di 21,000: 2 àti 1 jẹ́ 3. Ẹni mẹ́ta á gba 7,000, ẹni mẹ́fà 3,500, ẹni méje 3,000. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí owó náà jẹ́ 18,000, kálukú á gba 2,000. Ó sàn kí ẹgbẹ́ ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí dáwó ju kí wọ́n máa jà lọ́jọ́ ìpín.

Fún àwọn ọmọ wa

Láti Kétu dé Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, èdè Faransé làwọn ọmọ fi ń ṣírò nílé ìwé. Àwọn Faransé náà ń pe 80 ní ogún mẹ́rin, bí ọgọ́rin tiwa ṣe jẹ́ ogún mẹ́rin gẹ́lẹ́. Bí ọmọ bá ti mọ èyí, ìkà wa kò ní ṣòro fún un. Ìwé 10,000 méjì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì ni mílíọ̀nù kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá yín ka owó ọjà lédè Yorùbá nírọ̀lẹ́.