Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Mọ Iṣẹ́ Tó Ń Bọ̀?

Ẹni tó bá wọlé sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété lónìí, iṣẹ́ wo ni yóò bá níta ní bí ọdún mẹ́rin sí i? Àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ iṣẹ́ kì í difá sí i o. Wọ́n máa ń bi àwọn agbanisíṣẹ́ léèrè ni: ìmọ̀ wo lẹ ń wá, èwo lẹ ò fẹ́ mọ́? Àjọ àgbáyé kan, World Economic Forum, bi iléeṣẹ́ ńláńlá tó lé ní 1,000 léèrè. Àbájáde rẹ̀, ní January 2025, ni pé tó bá fi máa di 2030, iṣẹ́ mílíọ̀nù 170 yóò yọjú kárí ayé, mílíọ̀nù 92 yóò pòórá.

Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ńláńlá mélòó ló wà ní Màlété? Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò, NBS, ní láàárín ọdún 2023, nǹkan bí 88 nínú 100 òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ló ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Ta ló bi télọ̀, àgbẹ̀ àti atúnfóònùṣe léèrè? Lójú tèmi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ bi wọ́n fúnra yín: kí làwọn oníbàárà ń béèrè tí wọn ò rí ẹni ṣe é?