Ọ̀rọ̀ Ìṣègùn fún Àyẹ̀wò àti Àìsàn Ojú àti Etí láàárín Àwọn Yorùbá ní Treichville

Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn ojú àti etí ni a fi ń dárúkọ ẹ̀yà ara méjèèjì, àyẹ̀wò tí a ń ṣe fún wọn, àti àìsàn tí ó ń bá wọn jà. Ní Treichville, ní ìlú Abidjan, orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń gba inú èdè púpọ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ó ń tajà ní ọjà ńlá ibẹ̀, Grand Marché de Treichville. Anango ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Àdúgbò yìí kan náà ni ilé ìwòsàn fásitì, CHU de Treichville, wà. Yorùbá ni aláìsàn fi ń ráhùn nílé, Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé rẹ̀ nílé ìwòsàn, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì wà lára káàdì tí ó bá gbé ti Nàìjíríà bọ̀.

Yorùbá kò ṣaláìní orúkọ fún ohun tí ó hàn síta: ẹyinjú, ìpéǹpéjú, ọmọlójú, ihò etí, ìlù etí. Inú lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. 'Iṣan' ni à ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, òun náà ni ohun tí ó so ẹran mọ́ egungun, òun náà sì tún ni ohun tí ń gbé iṣẹ́ lọ sí ọpọlọ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Faransé ń pè wọ́n: veine, tendon, nerf. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé iṣan ojú rẹ̀ ń kú lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Ó sàn kí ògbufọ̀ sọ pé 'iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ', bí ó tilẹ̀ gùn. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kì í ṣe lórí ìṣègùn.

Orúkọ àìsàn nínú Yorùbá sábà máa ń tẹ̀lé ohun tí aláìsàn ń mọ̀ lára. Ti dókítà a máa tẹ̀lé ibi tí àrùn fìdí sí. 'Ojú mi ń ṣe bàìbàì' lè jẹ́ ti ẹni tí ó ti kọjá ogójì ọdún tí kò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mọ́: presbytie ni ti Faransé, awò ojú ni yóò sì yanjú rẹ̀. Ó lè jẹ́ kataráàtì, tí dígí kékeré ẹ̀yìn ọmọlójú ti ṣú bí gíláàsì tí èéfín bò. Iṣẹ́ abẹ ni a fi ń yọ ọ́, tí a ó sì fi òmíràn rọ́pò. Ó sì lè jẹ́ gulokómà, glaucome ní Faransé. Nínú èyí, omi inú ẹyinjú sábà máa ń fún iṣan ìríran ju bí ó ti yẹ lọ, iṣan náà a sì máa kú díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ìríran wá sí àárín. Kì í sábà dun ni, ó sì wọ́pọ̀ láàárín ènìyàn dúdú ju ti àwọn mìíràn lọ. Ìríran tí ó bá lọ kò padà mọ́. Oògùn kíkán sójú ń dáàbò bo èyí tí ó kù ni. Bí ọmọ tàbí aládùúgbò tí ń ṣe ògbufọ̀ bá tú bàìbàì sí kataráàtì láìbéèrè síwájú sí i, aláìsàn lè jókòó máa retí kí ó 'gbó' fún iṣẹ́ abẹ, nígbà tí iṣan ń kú lọ.

Àpólò nìkan ni kò nílò ògbufọ̀. Ojú pípọ́n tí ń ranni yìí bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní 1969, ọdún tí Apollo 11 gbé ènìyàn dé òṣùpá. Orúkọ ọkọ̀ náà ni àwọn ará ìlú fún un, òun náà ni a sì ń gbọ́ ní Èkó àti ní Abidjan.

Iye tí a kọ sórí ìwé àyẹ̀wò pàápàá ní èdè tirẹ̀. Herman Snellen, ará Netherlands, gbé pátákó lẹ́tà rẹ̀ jáde ní 1862. Ìwọ̀n mítà 6 ni Nàìjíríà ń tẹ̀lé, nítorí náà 6/6 ni ojú tí ó dá ṣáṣá. Ti Ferdinand Monoyer ni Faransé ń lò, 10/10 sì ni ojú tí ó dára níbẹ̀. 6/12 ti Nàìjíríà bá 5/10 ti Abidjan dọ́gba, 6/60 sì jẹ́ 1/10. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé ojú òun ti bàjẹ́ sí i, tàbí pé ó ti sàn, nígbà tí ohunkóhun kò yí padà. OG ni ojú òsì nínú ìwé Faransé. OS tàbí LE ni nínú ti Nàìjíríà.

Ní ti etí, 'etí mi di' náà ṣókùnkùn. Ìdọ̀tí lè dí ihò etí, omi tàbí ọyún lè wà lẹ́yìn ìlù etí, tàbí kí ariwo ti pa àwọn irun tín-ín-tìn-ín inú etí lọ́hùn-ún, èyí tí kì í hù padà. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun, tí Faransé ń pè ní ORL, a máa gbọn irin oníga méjì, a gbé e sí egungun ẹ̀yìn etí, lẹ́yìn náà sí ẹnu ihò etí. Bí aláìsàn bá gbọ́ ti egungun dáadáa ju ti afẹ́fẹ́ lọ, ohun kan ni ó dí ọ̀nà. Ẹ̀rọ a sì máa wọn ìgbọ́ràn ní dẹ̀síbẹ̀lì. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021, ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn tí kò tó 20 ni etí rẹ̀ dá ṣáṣá.

'Òòyì ojú' ni Yorùbá ń wí, ṣùgbọ́n inú etí lọ́hùn-ún ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣubú wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè rán ẹni tí òòyì ń kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Ibi kan wà tí Yorùbá ti ṣe kedere ju Faransé àtijọ́ lọ: sourd-muet so adití àti odi pọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tí a bí ní adití kì í sábà ní àbùkù ní ahọ́n. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ni kò fi kọ́ ọ, etí rẹ̀ sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.